Owó Tí A Yọ Lẹ́nu Ajá

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí ń fi kọ́bọ̀ lé kọ́bọ̀, tí ń fi ẹran du ọ̀fun ara rẹ̀ nítorí owó ilé-ìwé ọmọ, tún máa yọ nínú owó bẹ́ẹ̀ ná lórí ajá kékeré kan tí kò lè lépa ọ̀yà, tí kò lè dẹ́rù ba olè, tí kò sì sí ẹni tí yóò fi í bọ Ògún? Bí ó bá sì ti gbà á sílé ná, ǹjẹ́ àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti bù kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀, kí ó sì fo ọjọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ dá, kí owó àjọ rẹ̀ lè tètè pé? Ọ̀rọ̀ yìí lè jọ àwàdà létí ẹni tí ebi kò pa rí, ó sì lè jọ ìranù létí ẹni tí kò sin ẹran rí, ṣùgbọ́n bí a bá tú u wò dé ìdí, a ó rí i pé ìbéèrè àtayébáyé kan ni ó fara pamọ́ síbẹ̀: nígbà tí ènìyàn bá sọ pé òun ni òun ni nǹkan, kí ni ó ní gan-an, ibo sì ni agbára rẹ̀ lórí nǹkan náà mọ?

Mo mọ òpópónà kan tí ìbéèrè náà ti ń rìn ní ọ̀sán gangan. Warehouse Road ni, ní Àpápá, ọ̀nà tí àwọn ilé ìkẹ́rùsí fún ní orúkọ, tí ó sì so Àpápá olówó pọ̀ mọ́ Ajégúnlẹ̀ alágbára. Ní apá Àpápá, èbúté ni ọba: ibẹ̀ ni ìjọba àwọn òyìnbó ti parí ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ òkun mẹ́rin àkọ́kọ́ ní 1926, ibẹ̀ ni ọlọ ńlá tí ń lọ àlìkámà di ìyẹ̀fun ti ń yí láti 1962, ibẹ̀ ni ògiri gíga gbé wà tí a fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún dé lórí, tí ọlọ́dẹ sì ń fa ajá abàmì tí ó tó ọmọ màlúù yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká lóru. Ní apá Ajégúnlẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, ilé tí yàrá kọjú sí yàrá ni ó pọ̀ jù, tí baba, ìyá àti ọmọ ń há mọ́ yàrá kan ṣoṣo, tí ojúlé mẹ́wàá sì ń tò sídìí ẹ̀rọ omi kan. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi ojú tín-ín-rín wo ibẹ̀ o, nítorí láti inú ẹrẹ̀ àti eruku rẹ̀ ni Samson Siasia àti Odion Ighalo ti gbá bọ́ọ̀lù dé òkè òkun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kọ́ ni mo bá wá.

Ní ẹ̀bá ọ̀nà yìí ni opó kan ti ń din àkàrà ní òwúrọ̀, tí ó sì ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní ọ̀sán fún àwọn awakọ̀ tírélà àti àwọn alábàárù. Lábẹ́ tábìlì rẹ̀, ní ibi tí epo gbígbóná kò ti lè ta bà á, ajá funfun kan wà tí kò ga ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ, onírun gígùn tí ń bo ojú, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Lhasa. Láti òkè Tibet ni ìran rẹ̀ ti wá, níbi tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti ń sìn ín nínú ilé ìsìn wọn kí ó lè máa gbó bí àjèjì bá tẹ ìloro. Ó wá rọ̀ sí èbúté Àpápá, ó di alájọgbé aláàkàrà. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan ni ó ni í tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá náà ká ẹrù, tí òun àti ìyàwó àti ọmọ japa lọ sí Kánádà, kò sí ìwé àṣẹ ìwọ̀lú fún ajá, ó sì gbé e fún obìnrin tí ń ta àkàrà fún un, pẹ̀lú ìlérí pé òun yóò máa fi owó oúnjẹ rẹ̀ ránṣẹ́. Owó náà dé fún ìgbà díẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró, bí owó irú wọn ti máa ń dáwọ́ dúró. Bí obìnrin náà ṣe di ìyá ajá nìyẹn láìrò tẹ́lẹ̀.

Orúkọ òyìnbó ni ajá náà ń jẹ́ nínú ọgbà ọ̀gá. Opó yìí sọ ọ́ ní Tèmi-yé-mi. Ẹni tí ó bá mọ àṣà wa mọ̀ pé ajá kì í jẹ́ orúkọ lásán nílẹ̀ Yorùbá. Orúkọ ajá ni àwọn baba wa fi ń fèsì fún ará ilé tí wọn kò fẹ́ bá ṣe gbólóhùn asọ̀: bí wọ́n bá ń pe ajá wá jẹun ní àṣálẹ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn nínú agbo ilé yóò gbọ́ tirẹ̀, kò sì ní rí ẹnu fi bínú, nítorí ajá ni a pè. (Àṣà náà kò tíì kú, ó sì ti ní ewu nínú: ní oṣù Kẹjọ 2016, ọkùnrin kan ní Sángo-Ọ̀tà di èrò àgọ́ ọlọ́pàá nítorí pé ó pe ajá rẹ̀ ní orúkọ tí Ààrẹ orílẹ̀-èdè ìgbà náà ń jẹ́.) Ìdí tí opó yìí fi nílò èsì ni pé àwọn ará ojúlé rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Màmá, ọmọ ènìyàn ń sun ebi nínú ilé yìí, ẹ ń se ìrẹsì fún ajá.” Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà pọ̀ dé etí mi, mo bi í léèrè ohun tí ó fi ń dá wọn lóhùn yàtọ̀ sí orúkọ. Ó ń ro ẹ̀wà lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Ẹ bá mi bi wọ́n, ṣé ó ní òun fẹ́ wá sọ́dọ̀ mi ni?”

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹni tí ń fi owó ṣòfò ni obìnrin yìí. Ọ̀jáfáfá ni nínú owó ṣíṣún ná. Alájọ a máa kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ kí oòrùn tó dé àtàrí, yóò gba owó, yóò fi ojú ọjọ́ náà hàn lórí káàdì, yóò kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlẹ́lùbọ́. Káàdì méjì ni obìnrin náà ní. Lórí èkíní, orúkọ tirẹ̀ ni, ẹgbẹ̀rún náírà ni ó sì ń dá lójúmọ́. Èyí ni owó ilé-ìwé àti owó ilé. Lórí èkejì, igba náírà ni, Tèmi-yé-mi ni alájọ sì kọ síbẹ̀, nítorí ó rò pé orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ni. Bí gbogbo ojú ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n orí káàdì bá kún, alájọ yóò mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, 6,000 náírà yóò sì kù fún ajá. Ọgbọ́n ìpamọ́ yìí kì í ṣe ti àná. Samuel Johnson ti ròyìn èsúsú, ìbátan àjọ, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, àwọn baba wa tí a kó lẹ́rú sọdá òkun kò sì gbàgbé rẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n, débi pé àwọn ará Trinidad ń dá a títí di òní, tí wọ́n ń pè é ní susu.

Àkókò tí obìnrin yìí sì ń dá àjọ méjì kì í ṣe àkókò ọ̀pọ̀. Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí náírà sì yọ̀ lulẹ̀ ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ohun gbogbo ni ó gun òkè àgbà; nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹfà 2024, àwọn oníṣirò ìjọba fúnra wọn sọ pé owó oúnjẹ ti fi ju ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lọ lé sí i láàárín ọdún kan péré. Ìjọba Èkó sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù di 85,000 náírà nínú oṣù Kẹwàá ọdún náà, ṣùgbọ́n aláàkàrà kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ojúlé ń sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlara nìkan. Ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì yẹ kí a fún un ní àga kí ó jókòó.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ wọn tán. Onígbàgbọ́ inú wọn lè rán wa létí obìnrin ará Kénáánì tí ó tọ Jésù wá nítorí ọmọ rẹ̀, tí Olúwa sì sọ fún un pé kò yẹ kí a mú oúnjẹ àwọn ọmọ fún ajá. Mùsùlùmí inú wọn lè sọ pé Ànábì kìlọ̀ fún ẹni tí ń sin ajá láìṣe ti ọdẹ, ti oko tàbí ti ẹran dídà, pé èrè iṣẹ́ rere rẹ̀ yóò máa dín lójoojúmọ́. Oníṣẹ̀ṣe pẹ̀lú kò ní ṣàìsọ tirẹ̀: ajá ti Ògún Lákáayé ni, ọṣìn imọlẹ̀, yálà kí ó bá ọdẹ wọ igbó kí ó jẹ nínú ohun tí ó lé, tàbí kí ó lọ sí ojúbọ, ajá tí ń jókòó sábẹ́ tábìlì láìṣe iṣẹ́ kankan, àwọn baba wa kò mọ̀ ọ́n. Ohùn mẹ́ta nìyí, láti inú ẹ̀sìn mẹ́ta tí ó ń bá ara wọn gbé ní Ajégúnlẹ̀ láìjà, gbogbo wọn sì ń sọ pé ọmọ ènìyàn ni kí a kọ́kọ́ bọ́.

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ṣe pé opó yìí wá bi mí léèrè lọ́jọ́ tí ọ̀gá náà na ajá sí i, ǹ bá sọ fún un láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú pé kí ó má gbà á. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kò sí òfin Ọlọ́run kankan tí ó ní kí olùgbé yàrá kan ní Ajégúnlẹ̀ sin ajá àwọn ará Tibet, ẹni tí ó bá sì fẹ́ sìn ín nítorí pé ó rí i lọ́wọ́ àwọn òṣèré orí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, fáàrí ni ó fẹ́ fi ẹ̀mí ẹlẹ́mìí ṣe. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò bi mí, ó gbà á. Ibi tí mo ti yà kúrò lẹ́yìn àwọn ará ojúlé rẹ̀ nìyẹn, nítorí ẹjọ́ ẹni tí kò tíì gba nǹkan sọ́wọ́ àti ẹjọ́ ẹni tí ó ti gbà á kì í ṣe ẹjọ́ kan náà.

Ilẹ̀ Àpápá fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ mi ní èyí. Ní 1913, ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ tí ó tẹ́ rẹrẹ ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn olóyè onífìlà funfun, ní kí wọ́n san owó ilẹ̀ fún òun àti àwọn ènìyàn òun. Ilé-ẹjọ́ ní Èkó fèsì pé kì í ṣe ilẹ̀ gan-an ni olóyè náà ní, pé àṣẹ ìṣàkóso lásán ni, owó kékeré sì ni ó tọ́ sí àṣẹ. Olúwa kò gbà. Ní 1920 ó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ, wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ọba. Ní 1921, Haldane, adájọ́ tí ó ka ìdájọ́ náà, sọ pé ní ilẹ̀ wa, ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan: ti ẹbí àti ti ìlú ni, olóyè ni ó sì wà nípò alágbàtọ́ tí ń tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo wọn, nítorí náà, owó gbogbo ilẹ̀ náà pátá ni kí ìjọba san, nítorí ti gbogbo wọn ni. Àwọn Yorùbá gbọ́, wọ́n yọ̀, wọ́n sì jó, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ìdájọ́ náà ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà di ohun kan mú. Ó lè dì í mú bí ẹni tí ó fẹ́ jẹ ẹ́ tán, ó sì lè dì í mú bí ẹni tí a fi í ṣọ́ ọ. Àwọn baba wa mọ̀ pé ohun tí ẹ̀mí ẹlòmíràn bá rọ̀ mọ́, ọ̀nà kejì nìkan ni ó tọ́ kí a gbà dì í mú.

Ẹ tilẹ̀ wo àwọn ilé ìkẹ́rùsí tí ó to Warehouse Road lọ bẹẹrẹ. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣọ́ wọn, òun ni ó ń ṣí, òun ni ó ń tì, kò sì sí ẹni tí ó lè wọlé bí kò bá fẹ́. Síbẹ̀ bí ebi bá pa á lóru, kò gbọdọ̀ tú àpò ìrẹsì ẹlẹ́rù. Bí ọ̀rọ̀ ìpín ajá ti rí nínú owó ẹni tí ó ń sìn ín nìyẹn. Lọ́jọ́ tí a ti mú ajá, tí a fi okùn sí i lọ́rùn, tí a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, a ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ajá èkúkè tí ń sùn sídìí ààtàn ní Malu Road lè jí, kí ó rìn lọ sí ẹ̀yìn ilé ìpẹran, kí ó wá egungun. Ọlọ́run ni ó ń bọ́ ọ, ìyà rẹ̀ kò sì sí lọ́rùn ẹnìkan pàtó. Ajá tí a so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kò lè lọ síbì kankan. Oúnjẹ tí ì bá wá fún ara rẹ̀ ti wọ inú àpò wa, à ń bá a pa á mọ́ ni. Nítorí náà, bí a bá bù lára rẹ̀ kí káàdì tiwa lè kún, a kò tọ́jú owó rárá, a yá owó lọ́wọ́ ẹni tí kò lè béèrè rẹ̀.

Bí mo bá sọ èyí ní orúkọ ara mi nìkan, ẹ lè ní mo ń ṣe ojo nítorí ajá. Ṣùgbọ́n ẹ padà sínú àwọn ẹ̀sìn mẹ́ta náà, kí ẹ gbọ́ ìyókù ohun tí wọ́n wí. Ànábì kan náà tí ó kìlọ̀ nípa ajá ni ó sọ ìtàn panṣágà tí ó rí ajá tí òùngbẹ fẹ́ pa létí kànga, tí ó fi bàtà rẹ̀ fa omi fún un, tí Ọlọ́run sì tìtorí bẹ́ẹ̀ dárí jì í. Òun náà ni ó sọ ti obìnrin tí ó wọ iná nítorí ológbò kan tí ó tì mọ́lé, tí kò fún un ní oúnjẹ, tí kò sì tú u sílẹ̀ kí ó lọ wá tirẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin yìí pé méjì, kí ẹ sì kíyè sí i pé èkejì ni ó sọ èkíní di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. (Ní ti itọ́ ajá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá fún, ẹ bi àwọn àáfà tí wọ́n kàwé jinlẹ̀: ìlànà Màlíkì tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ń tọ̀ kò ka ajá alààyè sí ẹlẹ́gbin.) Nínú ìwé Òwe, bí ènìyàn ti ń ṣe sí ẹran ọ̀sìn rẹ̀ wà lára àmì tí a fi ń mọ olódodo yàtọ̀ sí ìkà. Obìnrin ará Kénáánì náà sì dá Olúwa lóhùn pé ajá a máa jẹ èérún tí ó bọ́ sílẹ̀ láti orí tábìlì, kò sì sí ẹni tí ó jàn án níyàn. Ìyẹn ni pé ipò ajá kéré sí ti ọmọ, ṣùgbọ́n ó ní ipò, abẹ́ tábìlì sì wà nínú ilé. Ní ti Ògún, kò sí ọdẹ kan tí ó gbọ́n tí yóò pa ìgalà tán tí kò ní ju ìpín ajá fún un kí òun fúnra rẹ̀ tó sá lápá kan. Baba ọdẹ mọ̀ pé gbèsè ni.

Immanuel Kant, àgbà ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Jámánì, náà ti sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé ajá tí ó ti sin ọ̀gá rẹ̀ dáadáa títí tí ó fi darúgbó yẹ kí a bọ́ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ìdí tí ó fi lélẹ̀ ni mi ò fara mọ́. Ó ní kì í ṣe ajá ni a jẹ ní gbèsè, ara wa ni, nítorí ẹni tí ó bá ń rorò sí ẹranko yóò rorò sí ènìyàn bó pẹ́ bó yá. Òótọ́ wà níbẹ̀, mo sì mọ àwọn ènìyàn tí ó bá mu. Ṣùgbọ́n ebi tí ń pa ajá kì í ṣe ebi àfiwé. Inú ajá ni ebi ń pa, kì í ṣe inú ìwà ọ̀gá rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Jeremy Bentham ará Ìlú Ọba jù, ẹni tí ó béèrè nínú ìwé rẹ̀ ti 1789 bóyá ẹranko lè jìyà, tí ó sì fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀.

Ó ṣẹ́ ku ọ̀rọ̀ bí a ti í ná owó náà, nítorí ẹni tí ó ní kí a bọ́ ajá kò ní kí a fi owó da ilẹ̀. Ahun àti ẹni tí ó mọ owó ṣún kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ẹ wo bí opó yìí ti ń ṣe é. Oúnjẹ ajá inú ọ̀rá tí ó ti òkè òkun wá, tí ọ̀gá àtijọ́ ń rà, ó pa á tì lọ́jọ́ kìíní. Ìwọ̀nba ìrẹsì tí ó bá mọ́ ìdí ìkòkò ni ó ń bù sọ́tọ̀ kí ata tó kàn án, yóò bọ orí ẹja ṣàwá, yóò yọ egungun rẹ̀ dànù, yóò fi omi rẹ̀ pò ó pọ̀. Kò ní fún un ní ọbẹ̀, nítorí àlùbọ́sà a máa pa ẹ̀jẹ̀ ajá. Kò sì ní fún un ní egungun adìẹ tí a ti sè, nítorí ó máa ń fọ́ ṣánṣán, ó sì ń gún wọn ní ìfun. Irun gígùn tí wọ́n ń gba owó gọbọi láti gẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi sáásí gẹ̀ ẹ́ kúrú fúnra rẹ̀, kò gún régé, ó dà bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fá lórí nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n ara tu ajá nínú ooru Èkó, eégbọn kò sì rí ibi fara pamọ́ sí mọ́. Aṣọ ajá, bẹ́ẹ̀dì ajá, lọ́fínńdà ajá, gbogbo wọn ti bá ọ̀gá lọ sí Kánádà. Àwọn nǹkan wọ̀nyí, ojú olówó ni wọ́n wà fún. Ẹni tí ó bá gé wọn kúrò kò ṣẹ ajá. Ajá kékeré pàápàá ní oore kan tí ajá ńlá kò ní: ohun tí ó ń jẹ lójúmọ́ kò tó nǹkan, bí a bá fún un ní ti inú rẹ̀ nìkan.

Ohun kan ṣoṣo ni opó náà kì í bá jiyàn, òun sì ni káàdì kejì wà fún: oògùn aràn, oògùn eégbọn, àti abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọọdún. Níbí ni ẹjọ́ àwọn ará ojúlé ti yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo ajá ní í jẹ imí, èyí tí ó bá jẹ tirẹ̀ mẹ́nu ni à ń pè ní dìgbòlugi. Ṣùgbọ́n dìgbòlugi gidi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn náà ń pa lọ́dún ní gbogbo ayé, pé ajá ni ó ń kó o ran ènìyàn nínú ìdá mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, àti pé ogójì nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ajá afurasí ń bù jẹ jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí àpẹẹrẹ rẹ̀ bá ti fara hàn lára ènìyàn, ó ti bọ́, kò sí oògùn. Nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọmọ ogún ń ṣeré nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, tí ajá kan sì ń sá láàárín wọn, ta ni a ń gún ní abẹ́rẹ́ nígbà tí a bá gún ajá? Igba náírà tí àwọn ará ojúlé ń wò pé ó yẹ kí ó lọ sí ẹnu ọmọ ènìyàn, òun gan-an ni odi tí ó wà láàárín ọmọ wọn àti ikú. Láti 1924 ni ilé ìwádìí àrùn ẹranko ti wà ní Vom ní òkè Jọs, a ń ṣe abẹ́rẹ́ náà ní ilẹ̀ yìí fúnra wa, ìjọba Èkó sì máa ń ṣètò ìgbà tí wọ́n ń gún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá fo èyí dá nítorí owó, kì í ṣe ajá nìkan ni ó yá owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó yá a lọ́wọ́ gbogbo àdúgbò.

Ẹ má ṣe retí òfin láti bá wa gba gbèsè náà. Abala 495 nínú ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ àwọn òyìnbó sọ pé ẹni tí ó bá fìyà jẹ ẹranko lè lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kí ó san àádọ́ta náírà. Àádọ́ta náírà! Ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí opó yìí ń dá fún ajá rẹ̀ lójúmọ́ nìyẹn. Ẹ̀rí-ọkàn ni a fi í ṣọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, bí ó bá sì ti sùn, kò sí ọlọ́pàá tí yóò jí i.

Bí nǹkan bá wá le tó bẹ́ẹ̀ tí káàdì kejì kò fi ṣeé dá mọ́ ńkọ́? Ó lè ṣẹlẹ̀, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú òṣì. Alágbàtọ́ tí agbára rẹ̀ tán yóò wá ẹlòmíràn tí apá rẹ̀ ká a, yóò fa ajá lé e lọ́wọ́ ní gbangba, yóò sì sọ ohun tí ó ń jẹ àti ọjọ́ tí ó gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn. Èyí tí kò tọ́ ni kí a gbé ajá tí a ti kọ́ ní ilé jíjókòó lọ sí ìdí ààtàn lóru, kí a tú okùn rẹ̀, kí a sì wọ ọ̀kadà padà sílé. Ọ̀gá tí ó lọ sí Kánádà sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí ó wá ẹni tí yóò gbà á. Ṣùgbọ́n ìlérí rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, mo sì gbà pé gbèsè náà ń lé sí i títí di òní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ajá kékeré nínú àgò lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á, tí ojú rẹ̀ sì ti ń wọ̀ yín lọ́kàn, ẹ lọ bá alájọ ná. Ẹ dá owó ajá fún oṣù mẹ́ta kí ajá tó dé. Bí kò bá ṣeé dá, ẹ jẹ́ kí ó máa gbé ibi tí ó wà. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ní i, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ni a yà sọ́tọ̀ lágbàáyé fún ìjà pẹ̀lú dìgbòlugi: ẹ bi wọ́n léèrè ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín, ní Àpápá tàbí ní Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, ibi tí wọn yóò ti gún abẹ́rẹ́ náà lọ́dún yìí, kí ẹ sì gbé ajá yín lọ.